Mọ́tò Màmá Orí-ti-yọ

Ọjọ́ tí adájọ́ ti mọ́tò Màmá Orí-ti-yọ ni àdúgbò ṣì ń sọ títí dòní. Màmá, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni mọ́tò rẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́ lójú oríta láàárọ̀ kùtù. Adájọ́ wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fọn fèrè kíkankíkan. Màmá sọ̀kalẹ̀, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó rọra rìn lọ bá a.

"Ìwọ lò ń fọn fèrè sí mi?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń dúró dè mí ní kóòtù."

"Ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ mú jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Wákàtí mọ́kànlá ni mo fi dúró dè ọ́. Ṣé o gbọ́ fèrè lọ́jọ́ náà?"

Adájọ́ bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti mọ́tò.

Kò sí ẹni tó ti mọ́tò náà rí tí kì í ṣe Màmá ló gbẹ̀bí rẹ̀. Onígbàjámọ̀, télọ̀, tíṣà ìṣirò, àti rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń jáde láago méje àárọ̀ láti tì í. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ lé ẹ̀yìn mọ́tò, Màmá á yọrí lójú fèrèsé, á bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ: "Ẹ mí sínú! Ẹ má dáwọ́ dúró! Ó kù díẹ̀!" Bí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́, á pariwo, "Orí ti yọ!" Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Bí mọ́tò bá wá gbéra, á juwọ́ sí àwọn ọkùnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ náà: "Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Rewáyà lọ̀rọ̀ náà ń dùn jù, torí ó mọ ibi tí àrùn wà. Mọ́tò yẹn ju òun gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Irin pẹ́pẹ̀pẹ́ méjì tí wọ́n ń pè ní póìǹtì ló fi ń ṣáná. Bí wọ́n bá dógùn-ún, tàbí omi bá ta sí wọn, iná ò ní wá. Fáìlì tí Màmá fi ń ha èékánná ló fi ń ha póìǹtì.

"Màmá, ẹ jẹ́ n yọ ọ́," ni rewáyà wí. "Ẹ̀rọ ẹlẹ́tróníìkì kékeré kan ti wà báyìí. Kò nírin tó ń dógùn-ún. Ẹ kàn máa yí kọ́kọ́rọ́ ni."

"Níbo ni mo ti máa ha á?"

"Wọn kì í ha á, Màmá."

"Bó bá wá ń ṣàìsàn ńkọ́?"

"Ẹ máa ra òmíràn ni."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta lo ò fi ké. Ṣé kí n ti ní kí ìyá ẹ lọ ra òmíràn ni?"

Òjò ọ̀sán ọjọ́ kan ló parí àríyànjiyàn. Ìyàwó rewáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lójijì, mọ́tò Màmá nìkan ló sì wà nítòsí. Màmá jókòó ti aláboyún lẹ́yìn, rewáyà di stíárìn mú, àwọn tó kù bọ́ sínú òjò láti tì í. Omi ti wọ póìǹtì. Mọ́tò ò dáhùn.

"Ẹ má dáwọ́ dúró! Gbogbo agbára!" ni Màmá ń pariwo. Ìyàwó ò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Àwọn tó wà nínú òjò náà ò mọ̀ bóyá àwọn ni. Kálukú ṣáà ń ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ "Orí ti yọ!", télọ̀ sì fò sókè lẹ́yìn mọ́tò: "Ó ti ṣiṣẹ́!"

Kò ṣiṣẹ́. Ọmọ ló ké.

Ìyá yè, ọmọbìnrin náà yè. Àmọ́ nígbà tí Màmá sọ̀kalẹ̀, kò tiẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni kú ewu ọmọ. Ó fa rewáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ká ní ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyàwó ẹ ni, ibí yìí náà là bá wà. Gbé ẹ̀rọ ẹ wá."

Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Rewáyà yọ póìǹtì, ó fi ẹ̀rọ tuntun sáyè rẹ̀, ó so wáyà méjì mọ́ kọ́ìlì tó ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì. Onígbàjámọ̀ ti ká ọwọ́ ẹ̀wù, ó ń dúró. Màmá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, Màmá."

Màmá wo mọ́tò náà títí. "Kò tiẹ̀ rọbí."

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, láago méje, òun nìkan ló ń dá jáde. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ránṣẹ́ sí rewáyà pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú.

Rewáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà kan ti kúrò lára kọ́ìlì. Kò já, kò jóná. Ẹnì kan ló yọ ọ́, tó fi báńdéèjì funfun wé orí rẹ̀ kó má baà dọ̀tí, tó sì ta á ní kókó bí wọ́n ṣe ń ta ìwọ́ ọmọ tuntun. Rewáyà gbójú sókè. Màmá ń wo sánmà.

"Ṣé ó le?" ni Màmá bèèrè.

Rewáyà di wáyà náà mú. Ó rántí pé ibi tí wọ́n ti ń ti mọ́tò ni Màmá ti máa ń bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dun télọ̀ àti ikọ́ tó ń ṣe ìyàwó tíṣà. Láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí, òun gan-an ò tíì fojú kan télọ̀. Ó tú báńdéèjì, ó dá wáyà padà sáyè rẹ̀, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ó le díẹ̀, Màmá. A máa nílò èèyàn."

"Ohun témi náà rò nìyẹn," ni Màmá wí. Ó ti wọnú mọ́tò jókòó kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ tí kì í kú ń kú.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Màmá sùn tí kò jí mọ́. Lọ́jọ́ kejì, láìsí pé ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn dúró síwájú ilé rẹ̀ láago méje, wọn ò mọ ohun tí wọn ìbá fọwọ́ ṣe. Tíṣà bèèrè bí ẹsẹ̀ télọ̀ ṣe wà. Onígbàjámọ̀ bèèrè bóyá ọmọ inú òjò ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Rewáyà ń dáhùn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rí i pé òun mọ orúkọ gbogbo ọmọ wọn, òun sì mọ ohun tó ń ṣe kálukú, bẹ́ẹ̀ ni òun ò rántí ọjọ́ tóun kọ́ ọ. Oòrùn ti là dáadáa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kánjú lọ síbi iṣẹ́.