Orúnkún Màmá Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Hòtẹ́ẹ̀lì

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé kan tí màmá mi mú mi lọ síbi iṣẹ́ wọn ní Ṣikágò, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Yàrá ni wọ́n ń tún ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń dé sí.

Láàárọ̀, bí a ṣe fẹ́ wọlé, arúgbó òyìnbó kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi kúnlẹ̀ kí i, bí a ṣe ń kí àgbà. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ni máníjà bá ní kí màmá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń wọlé.

"Sà, mo ní yàrá tí mo fẹ́ tún ṣe."

"Àwọn àlejò yìí ló ń bọ́ ọ. Kúnlẹ̀, tàbí kí o máa lọ sílé."

Màmá mi kúnlẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń dé, wọ́n ń kúnlẹ̀. Ọkùnrin kan ń ki fíìmù bọ kámẹ́rà, ó ní kí wọ́n má tíì dìde. Nígbà tí màmá mi fẹ́ dìde, wọ́n ṣubú. Ọkùnrin náà ya fọ́tò ìyẹn náà.

Mo bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

"Dákẹ́, Bísí. Shift mi ò tíì parí."

Lọ́dún yẹn náà ni ìyá bàbá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Gbogbo wa kúnlẹ̀. Màmá mi nìkan ló dúró gbagidi.

"Ìyàwó mi, ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, mà," ni màmá mi dáhùn. "Mo ti tà á fún òyìnbó."