Bàbá Ìgò àti Ọ̀sẹ̀ Kẹrin

Ọkùnrin tí mo fẹ́ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ lórí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà di ènìyàn nínú ìyá rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú yàrá ìgò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Inú àwọn ìgò yẹn ni oyún tí kò dúró wà, láti orí èyí tí kò ju hóró ìrẹsì lọ dé orí èyí tó kún àtẹ́lẹwọ́. Òun ló ń nù wọ́n, òun ló ń da fọ́málìn sí i kí ẹran ara má baà jẹrà, òun ló sì ń tò wọ́n padà bí ọ̀sẹ̀ wọn ṣe tẹ̀ léra. Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, nítorí náà ojú àwọn ọmọ inú rẹ̀ ló kọ́. Bí olùkọ́ àgbà bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ ìnugò á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní jẹ́ kí n jẹun lálàáfíà, àfi kó sọ ọ́ tán fún mi.

Bàbá Ìgò ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi í pé èwo ló jọ ọ́ nínú wọn. Á ní kò sí ẹni tí kò jọ wọ́n rí, títí kan ọ̀gá àgbà tó ń yan kiri. Òórùn fọ́málìn kì í kúrò lára rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá kú, kò ní sí pé à ń sin òkú ní kánkán, ara rẹ̀ ti mu oògùn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Oògùn oníhóró kan tí wọ́n fún un ní ọsibítù ló ká a lọ́wọ́ kò. Baba rẹ̀ ló ń lọ gbà á lóṣooṣù, kódà nígbà tí ọmọ ti wọ ilé ọkọ. Á gbà á, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ọdún mẹ́fà kọjá tí ọmọ mi kò ṣubú. Ló bá lóyún.

Ọkùnrin ló bí. Ẹ̀yìn ọmọ náà là ní ìsàlẹ̀, níbi tó yẹ kí awọ bo ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò láyé.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù. Ó rántí pé nígbà tí oyún pé oṣù méje, ìyàwó ọmọ òun gbé garawa omi gun àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí òun ti ní kó má gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀, ó ṣubú.

"Ìwọ lo fọ́ ọmọ yẹn lẹ́yìn." Ìṣojú mi ló ti wí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi kò jà. Ó gbà á gbọ́. Ó kẹ́rù wá sílé wa, ó kọjú sí ògiri, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi ní kó lọ fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Egungun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. A rí i pé bó bá ń lọ báyìí, yóò kú mọ́ wa lójú.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkọ mi ṣe ohun tí òfin iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí ilé ẹ̀kọ́ dá páropáro, ó ṣí yàrá náà, ó sì mú ọmọ wa, ìyá ọkọ rẹ̀ àti èmi wọlé. Yàrá náà tóóró, fèrèsé kan ló ní, ọpọ́n ìfọwọ́ ibẹ̀ ti dípẹtà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ta wá lójú. Ó gbé ìgò kan síbi ìmọ́lẹ̀.

"Àna mi, ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kẹrin nìyí. Ọkàn rẹ̀ ti ń lù, bẹ́ẹ̀ kò tíì lójú. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ewé tó ń ká ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, etí méjèèjì á ká wá pàdé, á lẹ̀ pọ̀. Bí kò bá lẹ̀ láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, kò tún lẹ̀ mọ́."

Ó fi ọ̀sẹ̀ kẹfà hàn wá, ọwọ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀, ojú rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ dúdú. Ní ìkeje, ìka ti ń ya. Ní ìkẹjọ, ìrù kékeré tó ní tẹ́lẹ̀ ti wọlé, etí àti ètè ti yọ, àtàǹpàkò náà ti yọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì ìka mi lọ. Díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ ṣì wà níta, nínú okùn ìwọ́, ó ń dúró kí ikùn láyè.

"Ní oṣù keje tí ẹ ń sọ yẹn, dídàgbà ló kù. Àtẹ̀gùn kọ́ ló ya ẹ̀yìn ọmọ yẹn."

Ìyá ọkọ wo ìgò náà pẹ́. Ó ní òun ti ka ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ ọlọ́mọ kò dá sí i lọ́rùn, ó sì di ọwọ́ ọmọ mi mú. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

Ọmọ mi ń fi ìka ka nǹkan.

"Bàbá, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mi ò tíì mọ̀ pé mo lóyún."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn, ọmọ mi. Kò kàn ọ́."

"Kí ni mò ń lò nígbà yẹn?"

Ọkọ mi gbé ìgò ọ̀sẹ̀ kẹrin padà sáyè rẹ̀.

"Oògùn tí ẹ ń bá mi gbà nìkan ni, Bàbá."

Ọkọ mi ní ìgò nìkan lòun mọ̀, òun kò mọ ti oògùn, pé òun yóò bi olùkọ́ àgbà lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bó bá bi í, yóò ní láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, pé òun ló ṣí yàrá fún àlejò. Ọjọ́ Ajé lọ, kò bi í. Ọjọ́ Ajé kejì tẹ̀ lé e, kò bi í.

Ọmọ mi padà sílé ọkọ rẹ̀. Ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín pàápàá. A kò mọ̀ pé ó ti da oògùn nù, torí ó fẹ́ bí òmíràn tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò pé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tó padà síbẹ̀, ó ń fọ aṣọ ní balùwẹ̀ nígbà tí wárápá gbé e, ó sì dojú bolẹ̀ sínú ọpọ́n omi. Kò sí ẹnìkankan nílé.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ọkọ mi lọ bá olùkọ́ àgbà, ó jẹ́wọ́. Olùkọ́ náà kò bínú sí i. Ó ní oògùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ òun, nítorí ẹ̀yìn ọmọ mìíràn ń là láìsí oògùn kankan. Ó ní oògùn wárápá mìíràn wà tí dókítà ìbá fi rọ́pò rẹ̀ kó tó lóyún, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a dúró fúnra rẹ̀. Ó wá béèrè ìgbà tí dókítà fojú kan ọmọbìnrin wa kẹ́yìn. Ọkọ mi ní ó ti tó ọdún mẹ́fà, pé òun kò fẹ́ kó máa rẹ̀ ẹ́ láti tò lórí ìlà, òun lòun ń bá a lọ. Dókítà kò mọ̀ pé ó ti lọ́kọ.

Oṣù mẹ́rìnlá ni ọkọ mi lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ó máa ń bi mí bóyá ọmọbìnrin wa ìbá ṣì wà ká ní òun fi í sílẹ̀ kó máa ru ẹ̀bi garawa omi. Mo ní rárá. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, síbẹ̀ á tún bi mí lọ́jọ́ kejì.