Adìẹ Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Bí ṣúgà bá ń yọ́ lórí iná, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, Ajégúnlẹ̀ ni imú mi máa ń gbé mi lọ, sí ilé onípáànù tí a gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Òórùn bàbá mi nìyẹn. Bàbá àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa gbé òórùn sìmẹ́ǹtì àti epo ọkọ̀ bọ̀ láti èbúté. Tèmi a máa ta sánsán bí oúnjẹ àlejò.

Kúùkù ni bàbá mi nílé òyìnbó kan ní Àpápá. Ẹ̀yìnkùlé òyìnbó náà ni wọ́n ń sùn, nítorí náà ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan la máa ń rí wọn. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa ròyìn adìẹ tí wọ́n fi ṣúgà, fínígà àti tòmátò agolo yan nínú ààrò onírin. Ìyá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn tí ata kì í tó lẹ́nu wọn, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. "Adìẹ oníṣúgà? Ṣé kí á fi mu ògì ni?" Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mò ń jowú àwọn ọmọ òyìnbó tó ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe nítorí adìẹ o. Àwọn ló ń rí bàbá mi lálaalẹ́.

Ọjọ́bọ̀ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá bàbá mi nílé pẹ̀lú àpótí aṣọ wọn àti adìẹ ńlá kan tí wọ́n ti pa. Òyìnbó ń padà sílùú rẹ̀, ẹni tó gbapò rẹ̀ sì ti mú kúùkù tirẹ̀ wá. Adìẹ ló fi dágbére. Ìyá mi kàn jókòó. Bàbá mi ká apá aṣọ, wọ́n bọ́ sí àgbàlá.

A ò ní ààrò onírin. Wọ́n da iyanrìn sísàlẹ̀ ìkòkò ńlá, wọ́n to adìẹ tí wọ́n ti bọ̀ sínú abọ́, wọ́n da omi ṣúgà àti tòmátò lé e, wọ́n gbé abọ́ náà sórí iyanrìn, wọ́n wá kó ẹyinná sórí ọmọrí ìkòkò. Fínígà ò sí. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn fi gba gbogbo ilé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Nílé tiwa, kò sẹ́ni tó ń pa adìẹ ní Ọjọ́bọ̀ lásán. Kérésì ni, tàbí Iléyá, tàbí ìkómọ. Ìyá Gàní, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ yọjú. "Bàbá Rónkẹ́, ẹ kú oríire o! Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa!" Màmá Ufuọma, ará Wàrì, pariwo láti ẹnu ọ̀nà tiwọn, wọ́n rò pé ìkómọ ni: "Wetin una born? Boy abi girl?" Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún fún àwọn tó wá bá wa yọ̀.

Bàbá mi la ẹnu, ohùn ò jáde. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́, wọ́n á sunkún lójú gbogbo èèyàn.

Ìyá mi dìde, wọ́n tún ìró ró. "Oríire ni o," ni wọ́n wí. "Bàbá Rónkẹ́ ti dé. Ilé ni wọ́n á ti máa jẹun alẹ́ báyìí. Ẹ gbé abọ́ yín wá."

Ẹran ò kárí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kárí. Ìyá mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó ti dùn jù, wọ́n sì tún na ọwọ́. Bàbá mi jókòó tì mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ríṣẹ́ mìíràn ní Ìjọra, a sì mu ẹ̀kọ títí ó fi sú wa, ṣùgbọ́n alẹ́ kan ò lọ tí bàbá mi ò bá wa jẹun. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́.

Ọmọ tó ń jowú níjọ́sí ti di ìyá àgbà tó ní ààrò onígáàsì. Ọjọ́ tó wù mí ni mò ń yan adìẹ. Àwọn tó máa jẹ ẹ́ ló ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ ò jẹ́ kí àwọn ọmọ mi tètè wálé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣẹlẹ̀ pé gbogbo wọn dé kí oúnjẹ tó tutù. Ọmọ ọmọ mi wo adìẹ, ó wo èrò, ó ní, "Màmá àgbà, kí là ń ṣe lónìí?"

Mo dìde, mo tún ìró ró.

"Gbogbo yín lẹ wà nílé," ni mo wí. "Gbé abọ́ rẹ wá."