Ṣé Mo Ti Fi Iyọ̀ Sí I?

Ìka kékeré ọwọ́ òsì. Ó tì í bọ inú ìyẹ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò tán, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó fà á yọ. Ohun tó lẹ̀ mọ́ orí ìka náà kò ju hóró àgbàdo kan lọ. Ó fi lé ahọ́n. Ó pa ẹnu dé, ó di ojú, ó dúró bí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ láti ilé kejì.

Ahọ́n kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rè é. Ní àkọ́kọ́, ó dà bíi pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kò sí. Láti ẹ̀ẹ̀kẹta lọ, gbogbo nǹkan ti di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é nílé búrẹ́dì náà, oríyìn sì ni. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó gbọ́ ohun tí ogún oníbàárà fẹ́, kó padà wọlé láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, kó wá kà á jáde bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ìkóríta, ọgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ràn èyí tó jóná nídìí, méjì. Tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Láti bí oṣù mẹ́ta, iyè rẹ̀ ń ra. Kọ́kọ́rọ́ nínú fìríìjì. Orúkọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé fún ọdún mẹ́fà. Á wọ yàrá, á dúró láàárín rẹ̀: kí ni mo wá mú? Nígbà tó yá, ó kan iṣẹ́. Odidi àpòpọ̀ kan jáde láìníyọ̀, ilé ìwé tó rà á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn ẹ̀, ó fi iyọ̀ sí òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ̀fun kì í tú àṣírí. Èyí tó níyọ̀ àti èyí tí kò ní, ojú kan náà ni wọ́n fi ń woni.

"Kọ̀ǹpútà," ni ẹni tó ń gé búrẹ́dì wí, "ṣé wọ́n ti múná lọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. "Ẹ̀ẹ̀kan, mo fojú fò ó. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé e mì. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìdí káńtà lò ń lọ. Ẹlòmíràn á máa po ìyẹ̀fun."

Ìdí káńtà. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ìyẹ̀fun pípò, kò sì sí ibòmíràn láyé tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó ń ṣe.

Ìyá rẹ̀ tún wá dá kún un. "Bí ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o," ló sọ lórí fóònù. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Kọ̀ǹpútà rántí, nítorí ohun tó ń dẹ́rù bani kì í sọnù. Ìyá àgbà lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń wo òun tìfẹ́tìfẹ́: "Ìwọ ọmọ dáadáa yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó fi bírò kọ nǹkan sápá, òógùn nù ún. Ó ṣètò álámù mọ́kànlá sórí fóònù. Bí ọ̀kan bá ti dún, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ á fò lọ. Bí ẹni ń fi ajere pọnmi.

Ó lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé.

"Aago mélòó lẹ ń sùn?"

"Ọ̀gànjọ́. Mo ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gba ìpè fún ilé-iṣẹ́ kan."

"Ẹ wá ń jí nígbà wo?"

"Aago mẹ́rin."

Dókítà fi bírò sílẹ̀. "A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyá àgbà tí ẹ ń sọ, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà yẹn?"

"Ọgọ́rin ó lé mẹ́ta."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ohun tí ẹ kò jẹ́ kó wọlé, ẹ ò lè máa wá a nínú ilé. Ẹ sùn. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa ṣe. Tí ẹ bá ṣe é, ẹ sọ ọ́ sókè, kí etí yín gbọ́ ọ. Ẹ padà wá rí mi lóṣù tó ń bọ̀."

Ó gbọ́. Kò ṣe é. Ọjọ́bọ̀ rè é, fóònù sì ti dún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iyọ̀. Ṣé ọwọ́ náà ń lọ ni, àbí ó ń bọ̀?

Ó wo ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kọ̀ǹpútà lè dákẹ́. Bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Oníná lọ, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ààrò.

"Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá mo ti fi iyọ̀ sí i."

Bàbá kò gbójú sókè. "Gé bíńtín wá."

Bàbá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sórí ṣọ́bìrì, ó tì í sẹ́nu ààrò. Wọ́n ń dúró. Kọ̀ǹpútà nu tábìlì tó ti mọ́. Ó tún un nù.

"Ẹ̀yin kì í ṣáà gbàgbé, Bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Kí ni fìlà mi ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Fìlà náà kọ́ sára irin ilẹ̀kùn ààrò. Ọdún mẹ́ta ló ti ń rí i níbẹ̀. Ó rò pé ooru ló ń mú bàbá ni.

"Tí búrẹ́dì bá wà nínú, fìlà á wà níbẹ̀. Tó bá wà lórí mi, ààrò ṣófo. Mo kéré sí ẹ nígbà tí mo jẹ́ kí búrẹ́dì odidi ààrò kan jó di èédú. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ orí, mo gbé e fún fìlà."

Ó fa ṣọ́bìrì jáde, ó bù ú jẹ, ó rọra jẹ ẹ́.

"Kò síyọ̀."

Kọ̀ǹpútà lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kẹta rè é."

"Ó ti wọ ààrò?"

"Rárá o. Mi ò rántí ni, mo bá bi Bàbá."

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀. "Ojú ẹ ti pọ́n jù. Fi iyọ̀ sí i, kó o tún un pò. Tó bá ti di ọ̀la, ìdí káńtà, ọ̀sẹ̀ méjì. Kó o sì máa sùn."

Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. Ó fi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó padà sídìí ìyẹ̀fun, ó ń wọn iyọ̀ sínú abọ́ mẹ́rin láàárọ̀, abọ́ kan fún àpòpọ̀ kan. Tó bá da ọ̀kan, á dojú abọ́ náà délẹ̀, á ní, "Mo ti fi iyọ̀ sí i," Bàbá á ní òun gbọ́. Ó ṣì máa ń wá kọ́kọ́rọ́. Kò tọ́ ìyẹ̀fun wò mọ́.