Ẹni Kọkànlénígba

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni obìnrin náà.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wádìí ohun tó ń mú àwọn tó ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, tà á sá lójijì. Ó kó igba ènìyàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n máa rà, kí wọ́n máa tà, òun ń ka iye ìgbà tí wọ́n yẹ iye owó wò. Ọdún mẹ́fà gbáko. Ohun tó rí kò gùn: ẹni tó bá ń wò ó ṣáá ló ń kọ́kọ́ sá. Ó sọ ọ́ di ìṣirò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, télọ̀, fi owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ra ṣíà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan. Obìnrin náà bá a rà níbẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ má wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ o."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, owó ṣíà náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Obìnrin yìí ò lè jókòó. Ó ṣí fèrèsé, ó tún tì í. Ó da ojú fóònù dé, ó tún ṣí i. Tíì rẹ̀ tutù sórí tábìlì.

"Ṣé fóònù yẹn ń jó ẹ lọ́wọ́ ni?" Ẹni tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì ló bi í.

"Fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́."

Kí aago méjì tó lù, ó ti ta gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá ka iye ìgbà tó wò ó. Ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Nínú igba ènìyàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní mọ̀. Ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pè é.

"Bọ̀dá mi, mo ti ta tèmi."

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lọ́hùn-ún. "Ìwọ tó ní kí n má wò ó?"

"Èmi náà ni."

"Ṣé kí n ta tèmi ni?"

"Ìṣirò mi ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀."

"Èwo ni kí n wá tẹ̀ lé, ìṣirò ẹ àbí ẹsẹ̀ tó o fi sá?"

"Ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́. Irú ẹsẹ̀ mi yìí ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ojo! Ó dáa, mo fi sílẹ̀. Tó bá já dé ilẹ̀, ìwọ lo máa máa fọwọ́ ránṣọ fún mi." Ẹ̀rọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Obìnrin náà ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá: "Ẹni kọkànlénígba. Obìnrin. Ó wò ó nígbà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó sá."

Nírọ̀lẹ́, ó ti fóònù mọ́nú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Orí ìdúró ló ti jẹ búrẹ́dì àti ẹyin sísè méjì.