Ẹja Oníirùngbọ̀n àti Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Onílé

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo ń gùn kí n tó lè rí ìsàlẹ̀ dígí ẹja bàbá mi, yàrá méjì ni à ń gbé lẹ́yìn Ìkòtún, lójú ọ̀nà Ìgàndó. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí ẹ sì gbé agbègbè Alímọ̀ṣọ́ nígbà náà, ẹ ó rántí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa, òórùn ewé tútù lẹ́yìn òjò, àti àkàrà àárọ̀ tí òróró rẹ̀ máa ń yọ sára ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e.

Káfíńtà ni bàbá mi. Òyìnbó kan tó ń múra àtipadà sí ìlú rẹ̀ pè é pé kó wá kan àpótí ìkẹ́rù fún òun. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ku dígí ẹja kan, àpótí onídígí tí omi àti ẹja wà nínú rẹ̀, tí kò ṣeé dì sínú ẹrù, ni òyìnbó náà bá ní kí bàbá mi máa gbé e lọ, tẹja-tẹja. Bàbá mi fi pákó líle kan tábìlì fún un, ó gbé e sí yàrá iwájú, gbogbo àdúgbò sì wá wò ó. Ẹja mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Wọn ò gùn ju ìka àárín àgbàlagbà lọ, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ekòló ńlá, irùngbọ̀n wínníwínní sì yí ẹnu wọn ká. Wọn kì í lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Ìsàlẹ̀ ni ilé wọn. Nígbà mìíràn orí nìkan ni wọ́n máa ń yọ síta láti inú iyanrìn, bí ẹni tó ń yọjú lábẹ́ aṣọ ìbora. Obìnrin kan wo dígí náà títí, ó ní, "Ìyá Sìdí, ejò lẹ̀ ń sìn yìí o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ." A ò mọ orúkọ tí òyìnbó ń pè wọ́n, a kúkú ń pè wọ́n ní Oníirùngbọ̀n.

Èmi, Sìdí, ni àkọ́bí, nítorí náà ọwọ́ mi ni ìtọ́jú wọn bọ́ sí. Rísí, àbúrò mi, ṣì ń fa ìka mu. Òyìnbó ti sọ fún bàbá mi pé iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé mú jù, ó lè ba irùngbọ̀n tí àwọn ẹja náà fi ń wá oúnjẹ jẹ́. Mo ní láti lọ bu iyanrìn kíkúnná létí odò, kí n sẹ́ ẹ, kí n sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Asẹ́ gààrí ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fi sẹ́ ẹ. Nígbà tí bàbá mi fẹnu kan ẹ̀bà ọjọ́ náà, tí iyanrìn sì ń dún lábẹ́ eyín rẹ̀, ìyá mi fa etí mi títí mo fi rò pé yóò já sí i lọ́wọ́.

Àpáàdì ìkòkò tó fọ́ ni a kó sínú dígí náà kí wọ́n lè rí ibi sá sí. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wa ekòló lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, tàbí kí n kó tanwíjí nínú omi táyà àtijọ́. Bí mo bá ti jù ú sí i, wọn ò ní sáré. Wọn a máa fi irùngbọ̀n tọ ilẹ̀ wò, bí afọ́jú tó ń fọ̀pá wá ọ̀nà, títí wọn yóò fi kan oúnjẹ. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi yóò dákẹ́, èmi ni mo sì ń fi ife bu omi sókè, tí mo ń dà á padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe máa ń lọ tó.

Àṣìṣe mi tó burú jù jẹ mọ́ álọ́ọ̀mù. Omi kànga wa máa ń pọ́n, ìyá mi sì máa ń fi òkúta funfun yẹn sínú dúrọ́ọ̀mù kí ẹrẹ̀ lè sùn sísàlẹ̀. Bàbá mi ti kìlọ̀ pé omi álọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kan ẹja. Kí n fa omi kànga, kí n gbé e sílẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì títí di ọjọ́ kejì, kí n tó fi pààrọ̀ díẹ̀ nínú ti dígí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan, ọwọ́ ń ro mí, omi dúrọ́ọ̀mù sì mọ́ gaara. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí omi bá ṣe mọ́ tó ni ara yóò ṣe tu ẹja tó. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, wọ́n ti ń sáré lọ sókè, sáré wá sísàlẹ̀, ẹja méjì sì léfòó.

Bàbá mi kàn mi orí. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Sìdí, gbọ́ mi dáadáa. Ẹja tó bá tún kú nínú dígí yìí, pọ́fù-pọ́fù ni màá kó síbẹ̀. Màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé ìwọ náà rí i pé á bá pọ́fù-pọ́fù mu?" Télọ̀ ni ìyá mi. Bó bá ti wọn nǹkan, gígé ló kù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí pọ́fù-pọ́fù, àyà mi a já.

Nígbà náà, bí ìyá bá ń jáde, tí kò lè mú ọmọ dání, yóò ti ọmọ mọ́lé láti ìta. Kì í ṣe ìwà ìkà. Gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n ń bẹ̀rù, ààbò ni wọ́n sì ka àgádágodo sí. Wọn a wá fi kọ́kọ́rọ́ kejì sọ́wọ́ aládùúgbò kan. Ọwọ́ Bàbá Onílé ni tiwa máa ń wà. Arúgbó ni, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, òun ló ni ilé tí a ń gbé. Ìgbàkígbà tó bá rí i tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ sí àbàtà lókè odò láti fi kọ́lé, yóò mi orí, yóò ní, "Odò kì í gbàgbé ibi tó sùn rí."

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá mi ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi fẹ́ gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó gbé ìrẹsì sílẹ̀ fún wa, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Mo ti pààrọ̀ omi ẹja láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ooru mú gan-an, òjò kankan kò rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ojú ọ̀run òkè lọ́hùn-ún nìkan ló dúdú. Ibẹ̀ ni àwọn Oníirùngbọ̀n mẹ́rin tó kù ti jáde lábẹ́ àpáàdì. Wọ́n ń gun dígí lọ sókè, wọ́n ń já bọ́, wọ́n tún ń gùn ún. Ọ̀kan fi orí gbá ìdérí.

Báàkẹ́ẹ̀tì wo ni mo bu láàárọ̀? Ti kànga ni àbí ti dúrọ́ọ̀mù? Bí mo ti ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò dá mi lójú mọ́. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á kú kí ìyá mi tó dé. Bí mo bá pe Bàbá Onílé pé kó fa omi kànga tuntun fún mi, yóò fẹjọ́ mi sùn. Mo dúró pẹ́, mò ń wo ẹja, mò ń wo fèrèsé. Nígbà tó yá, mo di irin ojú fèrèsé mú, mo figbe ta.

Bàbá Onílé dáhùn láti inú yàrá rẹ̀. "Kí ló dé? Ṣé iná ló ń jó ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹja wa ló fẹ́ kú!"

"Ẹja?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹ tètè gbé e kaná kó tó kú, jàre."

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn, Rísí náà sì bá mi sun ún láìmọ ìdí. Ó jọ pé ẹkún àwa méjèèjì yẹn ló mú un dìde. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wa, ó ń kùn pé ọmọ ayé ìsinsìnyí yóò máa pe àgbà nítorí ẹja. Ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó gba ẹ̀yìn lọ sí kànga. Kò pẹ́ tó padà dé. Báàkẹ́ẹ̀tì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bàtà rẹ̀ ló fi ọwọ́ mú. Omi ti kún kànga dé ẹnu, odò sì ti wọ àgbàlá, ó ń gbé igi ìdáná ẹlòmíràn bọ̀.

Ó gbé Rísí lé èjìká, ó di ọwọ́ mi mú. Mo ní, "Bàbá, ẹja ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹja mọ omi í wẹ̀. Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Omi ti dé orúnkún mi kí a tó bọ́ sójú títì. Ibi gíga tí a sá lọ ni òjò ti wá bá wa. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-kéú kan ni ìyá mi ti rí wa, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé àwa méjèèjì lé ẹsẹ̀, bí ẹni pé a ò tíì já lẹ́nu ọmú. Omi ga dé ojú fèrèsé yàrá wa lọ́jọ́ náà. Ilé mìíràn wà ní òpópónà wa tí wọ́n ti ọmọ mọ́ bíi tiwa, tí kò sí ẹni tó pariwo ní tiwọn. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, a padà sílé. Tábìlì bàbá mi kò yẹ̀, dígí sì wà lórí rẹ̀, ó kún fún ẹrẹ̀. Ìyá mi ń fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ náà dànù nígbà tí nǹkan kan yí sí i lọ́wọ́, ó sì ké. Oníirùngbọ̀n méjì ṣì wà láàyè lábẹ́ àpáàdì. Mo sáré gbé ife kí n bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì tó wà nítòsí, ni ìyá mi bá jágbe mọ́ mi: "Má bu ìyẹn! Álọ́ọ̀mù ń bẹ nínú ẹ̀! Lọ gba omi òjò lọ́wọ́ Bàbá Onílé!" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé wọn dání títí mo fi dé. Kò tún dárúkọ pọ́fù-pọ́fù mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé omi tí mo bù láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ní ẹ̀bi. Ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ló sọ fún mi nígbà tí mo ti dàgbà pé bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ yí, irú ẹja yẹn máa ń mọ̀ ọ́n lára. Èmi ò lè búra sí i. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹ̀rù ìyá mi ló bà mí, ẹ̀rù yẹn ló sì yọ wá.

Láyé ìgbà náà, omi kànga la ń fà. Lónìí, omi ẹ̀rọ ń dà nínú ilé mi ní Ìgàndó, fóònù sì ń sọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀. Àwọn àbàtà ti di ilé alájà. Àwọn ọmọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọmọ mọ́lé, nítorí kò sí àgádágodo nínú ilé mi. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, mo máa ń kó bàtà kúrò nílẹ̀, wọ́n a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n dígí kan wà ní pálọ̀ mi, tó ní iyanrìn kíkúnná àti àpáàdì nínú. Rísí ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Àgbàdo. Kò rántí èjìká Bàbá Onílé, kò rántí omi. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú, yóò pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí làwọn Oníirùngbọ̀n wí?"

Mo máa ń wo inú dígí dáadáa kí n tó dá a lóhùn. Lánàá, gbogbo wọn sùn sínú iyanrìn, irùngbọ̀n nìkan ló yọ síta. Mo ní, "Wọ́n ní kí o jókòó jẹ́ẹ́."