Ímeèlì Tó Dé fún Ìyá Káyọ̀dé

Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Yaba ní ìparí àwọn ọdún 1990, àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà ń lò. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a ó sì kà á fún ẹni tí kò bá mọ̀wé. Àwọn ímeèlì mìíràn a máa dé ní wúruwùru. Kọ̀ǹpútà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó ń gbà fi nọ́ńbà dúró fún lẹ́tà. Bí èyí tó kọ̀wé kò bá sọ ọ̀nà tó lò, tiwa á kàn máa méfò ni. Iṣẹ́ mi ni láti dán àwọn ọ̀nà náà wò títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Oníbàárà kan tiẹ̀ ní ká fi òróró àdúrà pa kọ̀ǹpútà lára. Mo ní kó kọ́kọ́ fi pa jẹnẹrétọ̀ wa.

Ẹja ni Ìyá Káyọ̀dé ń yan ní Ìwáyà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Rọ́ṣíà, kò sì gbúròó rẹ̀ láti ìgbà òjò. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá, ojú a sì máa tì mí láti sọ pé kò sí. Nígbà tí ímeèlì kan wá dé tó ní orúkọ Káyọ̀dé lókè, tí ìyókù jẹ́ wúruwùru, inú mi dùn gan-an.

“Ṣé òun ló kọ ọ́?” ni ìyá bi mí.

“Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe.”

Ọ̀nà ti lẹ́tà Rọ́ṣíà nìkan pàápàá ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. Mo yan òmíràn, lẹ́tà Rọ́ṣíà sì tò lọ rẹrẹ. Ìyá pàtẹ́wọ́.

“Ọlọ́run á tún ayé tìẹ náà ṣe!”

N kò gbọ́ èdè náà, ni mo bá sáré lọ pe Ẹ̀gbọ́n Láyí, ẹnjiníà tó kàwé lọ́hùn-ún, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè wa. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó kà á tán. Ó wá jókòó ti ìyá.

“Màmá, ta lẹ bá wá? Ta ni àgbà tó wà nílé yín?”

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ìbéèrè yẹn. A kì í ṣàdéédé túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ. Àgbà la kọ́kọ́ ń wá. Mo kórìíra iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ìyá kò sunkún. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó di apá mi mú.

“Dá a padà sí bó ṣe wà.”

“Màmá...”

“Mo ní o dá a padà!”

Mo dá a padà. Ẹ̀gbọ́n Láyí ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí ìyá ní Ìwáyà. Ìyá jókòó síwájú wúruwùru náà, ó tẹjú mọ́ ọn, títí àbúrò rẹ̀ fi dé.